Ẹni Tí Ó Kọ́kọ́ Wọlé

Peckham, London
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 2025

Dáúdà, ọmọ Bàrákàt,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé òtútù kò tíì gé etí rẹ jẹ? Ara mi wà bí ó ṣe máa ń wà. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì kò dùn mí, n kò sì mọ ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n pín in.

Àǹtí Rosaline ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ wọ́n. Àwọn ni wọ́n ṣe nọ́ọ̀sì ní Camberwell títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n máa ń fi bisikíìtì bà ọ́ jẹ́ nígbà tí o wà ní kékeré. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé ohun tí mo bá sọ ni kí wọ́n kọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi le jù fún ìwé. Mo ní ọmọ tí mo tọ́ kò mọ ọ̀rọ̀ rírọ̀ lẹ́nu mi, bí ó bá rí i, yóò rò pé mo fẹ́ kú ni.

Ìyá rẹ pè mí láti Rotterdam. Ó ní wọ́n ti kó yín lọ sí apá ìlà-oòrùn, pé wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo yín, pé lẹ́tà nìkan ni ó lè dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ń sunkún. Mo ní kí ó dákẹ́, pé ẹni tí ń sunkún kì í gbọ́ràn. Ó dákẹ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo gbé oúnjẹ mi padà sí ilé ìdáná.

Nígbà tí o fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ní Hóláǹdì, o jókòó sórí àga mi níbí, o ní iṣẹ́ afárá ni wọn yóò kọ́ ọ, pé orí odò ni ẹ óò máa tẹ́ pákó sí. Ìyá rẹ wá ń sọ pé bọ́ǹbù ni ẹ ń wá nínú ilẹ̀. Èwo ni òótọ́? Má ro ti ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ohun tí n kò mọ̀ ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ mi ru, èyí tí mo bá mọ̀, mo lè jókòó tì í.

Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Má fi ìrun sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹlẹ́dẹ̀ fún ọ, jẹ búrẹ́dì.

Èmi, màmá rẹ àgbà,
Mìsítúrà

Èmi Rosaline náà kí ọ, Dáúdà. Màmá rẹ àgbà kò jẹun lóòótọ́. Mo rí àwo náà.


Láti àgọ́ wa
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 2025

Màmá Àgbà mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orí yìnyín ni mo sì wà. Ẹ bá mi kí Àǹtí Rosaline. Ẹ ní kí wọ́n má bínú sí Yorùbá tí mo kọ, èyí tí ẹ fi pàṣán kọ́ mi náà ni mò ń lò.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. A máa ń ṣe afárá, a sì máa ń wá bọ́ǹbù. Ẹ fọkàn balẹ̀, ogun kò sí níbí. Bọ́ǹbù ogun àtijọ́ ni, ó ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Ilé kan wà létí odò tí wọ́n ti ń lọ ọkà nígbà kan. Láti ìgbà ogun yẹn ni ẹnikẹ́ni kò ti wọ inú rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì fẹ́ gba ilẹ̀ wọn padà. Yìnyín ti sé gbogbo rẹ̀ pa báyìí. Bí ó bá yọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, a óò wọ ibẹ̀. Ẹnìkan ni yóò kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó máa ń ké bí ó bá gbóòórùn irin. Àwọn yòókù yóò máa tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Màmá Àgbà, èmi ni wọ́n mú! Àwa púpọ̀ ni a nawọ́, èmi ni sájẹ́ǹtì wa tọ́ka sí. Bàbá tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ni, ó mọ ìtàn ju ìwé lọ. Ó ní àwọn ológun Hóláǹdì ayé àtijọ́ ní orúkọ fún irú mi. Verloren hoop. Nígbà tí ìlú ṣì ń mọ odi yí ara rẹ̀ ká, bí àgbá bá ti lu odi títí tí ó fi ya, wọn yóò yan ìwọ̀nba ènìyàn kí wọ́n kọ́kọ́ gba ojú ihò náà wọlé. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ará England gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn, àwọn ń pè é ní forlorn hope. Àwọn mìíràn nawọ́ fúnra wọn, àwọn mìíràn jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tí ikú ti wà lọ́rùn wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá padà bọ̀ ti di ọ̀gá nìyẹn.

Nathan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára akoto mi. Ọmọ Suriname ni Nathan, ibùsùn rẹ̀ wà lókè tèmi. Gbogbo wọn ti ń fi orúkọ yẹn pè mí nídìí oúnjẹ, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi yọ̀. Ẹ sì fi ata gígún ránṣẹ́, oúnjẹ ibí kò yàtọ̀ sí omi gbígbóná.

Ọmọ yín,
Dáúdà


Peckham
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Èrèlè, 2025

Dáúdà,

N kò bá ọ yọ̀.

Àǹtí Rosaline ka lẹ́tà rẹ dé ibi orúkọ yẹn, wọ́n fẹ́ kọjá. Mo ní kí wọ́n padà. Mo ní, “Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?” Wọ́n ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn gbọ́, pé ìrètí kan wà nínú rẹ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo pe ìyá rẹ. Òun ti gbọ́ èdè Hóláǹdì ju Yorùbá lọ báyìí. Mo sọ orúkọ náà bí Àǹtí Rosaline ṣe pè é sí mi létí. Ìyá rẹ ní kí n tún un pè. Ó wá ní, “Màmá, ta ló sọ ìyẹn fún yín?” Mo ní kí ó dá mi lóhùn. Ó ní apá kìíní ni ohun tí ó ti sọnù. Apá kejì, ní ayé àtijọ́, ni òkìtì tàbí ọ̀wọ́ ènìyàn. Ọ̀wọ́ tí ó ti sọnù. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ìrètí bọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n gbà á. Ìyẹn kò kàn mí. Ohun tí ó kàn mí ni pé wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ẹni tí ó sọnù, wọn kò tíì gbé ẹsẹ̀ kan. Orúkọ yẹn ni ìwọ gbé sórí, tí o ń rẹ́rìn-ín.

Pa á rẹ́. Ṣọ́ọ̀kì ni, omi lè pa á rẹ́.

Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Nínú ilé mi, ta ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé? Rántí ọjọ́ tí a kó láti Sydenham wá sí fúláàtì yìí. Lífítì ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì tún ti bàjẹ́ lónìí. Àwọn ọkùnrin tí ó gbé ibùsùn wa dúró lórí àtẹ̀gùn, òógùn bò wọ́n. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé kí n tó dé òkè. Orúnkún mi ń ké, mò ń gùn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ kan, ó dára tí n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ìwọ gan-an ti sáré dé ẹnu ọ̀nà, mo fi ọ̀pá mi dí ọ lẹ́sẹ̀. O sunkún. O rò pé ìgbéraga ni. Gbogbo ìgbà tí a bá ti ibi jíjìn dé, tí òjò ń pa yín lẹ́nu ọ̀nà, tí mo bá ní “Ẹ dúró síbẹ̀”, ẹ rò pé mo kàn fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ni.

Èèwọ̀ ilé Gbádégẹṣin ni, ilé ọkọ mi, ilé ìyá rẹ. Ọkùnrin ilé náà kì í kọ́kọ́ wọ ibi tí kò mọ inú rẹ̀. Obìnrin ni ó ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bí kò bá sí obìnrin nítòsí, kí wọ́n ju adìẹ wọlé ná.

Sọ fún ọ̀gá rẹ. Kí ẹlòmíràn lọ ṣáájú.

Ata wà nínú páálí yìí. Àǹtí Rosaline ni wọ́n kọ́kọ́ ra ọ̀kan ní ọjà Rye Lane, èyí tí kò ta lẹ́nu. Mo fi èyí tí mo gún fúnra mi rọ́pò rẹ̀.

Mìsítúrà


Láti àgọ́ wa
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Èrèlè, 2025

Màmá Àgbà mi,

Ata dé. Ẹ ṣeun. Nathan ní òun lè jẹ ẹ́, pé àwọn náà ń jẹ ata ní ilé wọn. Ó bu ṣíbí kan, ó sì lọ jókòó sínú yìnyín ní ìta, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó ní kí n kí yín, ó ní ẹ fẹ́ pa òun kí bọ́ǹbù tó dé.

Ní ti ọ̀rọ̀ yín, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ tí obìnrin ilé náà bí ni mí. Orúkọ bàbá mi ni mò ń jẹ́, n kò jẹ́ Gbádégẹṣin. Èèwọ̀ ilé ìyá ẹni kì í mú ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé Allah nìkan ni ó mọ ọjọ́ ikú ẹnikẹ́ni. Èwo wá ni ti ẹnu ọ̀nà?

Ṣé kí n lọ bá sájẹ́ǹtì kí n ní màmá mi àgbà ní Peckham ní kí ẹ wá adìẹ? Wọn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti fọwọ́ sí orúkọ mi. Ilẹ̀ ti ń rọ̀ létí odò.

Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀rọ náà dára.

Dáúdà


Peckham
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Èrèlè, 2025

Dáúdà,

O ti mọ ẹjọ́ rò. Ó dára. Jókòó kí n fèsì.

O ní ọmọ tí obìnrin ilé náà bí ni ọ́. Ta ni ó bọ́ ọ? Láti ìgbà tí o ti ń rá, tí ìyá rẹ kò rí ẹni mú ọ ní Rotterdam, títí o fi tó ọmọ tí ń dá bọ́ọ̀sì wọ̀, ọ̀dọ̀ ta ni o wà? Ẹsẹ̀ tí o fẹ́ fi wọ ilé ọkà yẹn, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tèmi ni ó ti kọ́ ìrìn. Má fi orúkọ bàbá rẹ dí mi lẹ́nu. N kò bá bàbá rẹ jà, ṣùgbọ́n n kò rí i nígbà tí ikun imú ń bo ojú rẹ.

O ní Allah ni ó mọ ọjọ́ ikú. Òótọ́ ni. Allah náà ni ó fún ọ ní ojú. Bí o bá fẹ́ sọdá títì ní Peckham, ṣé o kì í wo ọ̀tún àti òsì?

Báyìí, gbọ́ ibi tí èèwọ̀ náà ti wá, nítorí o kò bi mí rí. Ní ayé ogun, Gbádégẹṣin àkọ́kọ́ ní ẹ̀gbọ́n kan, Àjàní ni oríkì rẹ̀. Wọ́n ti dó ti ìlú kan títí ebi fi ń pa àwọn tí ó wà nínú àti àwọn tí ó wà lóde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan apá kan odi ya. Balógun ní, “Ta ni yóò kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé?” Àjàní nawọ́, bí ìwọ. Wọ́n pa àgbò, igẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gé fún un. Wọ́n kọrin fún un. Wọ́n fi í jẹ Asíwájú níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ó gba ojú odi wọlé, odi sì wó lé e lórí àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Wọn kò rí nǹkan kan gbé padà wá fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ní láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tí òun bí, kò sí ọmọ ọmọ òun, tí yóò tún kọ́kọ́ wọ ibikíbi.

Àwọn ará Hóláǹdì tiẹ̀ sàn. Wọ́n sọ fún tiwọn lójú pé ó ti sọnù. Àwa fún tiwa ní oyè.

N kò sùn dáadáa. Bí mo bá pa ojú dé, ẹnu ọ̀nà ni mò ń rí, ẹ̀yìn rẹ ni mò ń rí, mò ń na ọ̀pá mi, kò kàn ọ́.

Mo bẹ̀ ọ́. Àǹtí Rosaline gbé bírò sókè, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi rí. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ kíá kí n tó gbà á padà. Mo bẹ̀ ọ́, Dáúdà. Jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ ṣáájú.

Mìsítúrà


Peckham
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Dáúdà,

Lẹ́tà rẹ kò dé. A ti ń gba ààwẹ̀, oòrùn ti ń yọ ní Peckham, ìtànná ti ń yọ lára igi tí ó wà níwájú ilé. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ó dára. Èmi ń wò ó bí ẹni ń wo ọ̀tá. Bí ó bá gbóná níbí, yìnyín ń yọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ìyá rẹ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń pè mí láràárọ̀, a ó kí ara wa, a ó wá gbé fóònù sílẹ̀. Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé bí nǹkan bá ṣe ológun, wọn kì í pè lórí fóònù. Ènìyàn méjì ni wọ́n máa ń rán wá sílé, pẹ̀lú fìlà lórí. Ìbá má sọ ọ́ fún mi.

Lánàá, Àǹtí Rosaline wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn sí mi létí. A gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ méjì, bàtà líle. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n kàn án. Àǹtí Rosaline fi ojú sí ihò ilẹ̀kùn, wọ́n ní, “Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni. Wọ́n dé fìlà.”

Mo ní, “Ẹ má ṣí i.”

Wọ́n ní, “Mìsítúrà, jẹ́ kí n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá.”

Mo ní, “Àǹtí, bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, èmi àti ẹ̀yin kò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.”

Wọ́n tún kàn án. Mo di apá Àǹtí Rosaline mú, mo dì í débi pé ó wú, ó ṣì wú títí di ìsinsìnyí, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi Mìsítúrà, tí mo máa ń kọ́kọ́ wọ gbogbo ilé, n kò lè ṣí tèmi. Mò ń sọ nínú ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí n kò bá tíì ṣí i, ọmọ náà wà láàyè.

Àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn ju káàdì kan sábẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ. Àǹtí Rosaline kà á. Ará káńsù ni wọ́n. Ẹ̀rọ tí ó ń mú ilé gbóná ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Àǹtí Rosaline rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní, “Tiẹ̀ gbọ́, Rotterdam ni àwọn ológun yóò lọ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá wá sí Peckham?” Mo ní ìbẹ̀rù kò mọ àdírẹ́sì.

Òtútù wá mú wa nínú ilé. A fi ẹ̀wù àwọ̀lékè ṣínu.

Kọ ohunkóhun. Bí inú bá ń bí ọ sí mi, kọ ìbínú. Bí o bá ti wọlé, kọ pé o ti wọlé.

Mìsítúrà


Láti àgọ́ wa
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Màmá Àgbà,

Mo wà láàyè. Kò sí ohun tí ó ṣe mí àfi etí mi tí ó ń hó.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo lọ bá sájẹ́ǹtì. Mo ti rò pé yóò rẹ́rìn-ín, mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti sá padà kò yẹ kí ó ṣíwájú, pé ó dára tí mo sọ ọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù. Nathan ní òun yóò lọ. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, ó gbá mi léjìká, ó ní, “Má fi ṣe nǹkan kan. Màmá tèmi àgbà ti kú, kò sí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà sí mi láti dá mi dúró.” Ó gba akoto mi, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò, ó sì kọ ọ́ sára tirẹ̀.

Ní ọ̀sán ni a wọ ilé ọkà náà. Oòrùn ń ràn. Nathan ń lọ níwájú, ó ń fi ẹ̀rọ náà gbá ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mò ń tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ké. Irin kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ohun tí wọ́n sin síbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ igi lásán. Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì kọjá ìloro, ó yíjú padà sí mi bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan.

Ó yè. Ẹsẹ̀ náà kò sí mọ́, láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Wọ́n ti gbé e padà sí Hóláǹdì. Èmi ni mo so okùn mọ́ itan rẹ̀. Ó ń pè mí ní orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi tẹ́lẹ̀, kò rántí pé ara akoto òun ni ó wà báyìí.

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi òwe dá mi lóhùn. Èèwọ̀ wa yẹn, ta ni ó ń dáàbò bò? Ilẹ̀kùn náà kò yí padà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tí ó wọlé ni a pààrọ̀.

Ẹ má fi ata ránṣẹ́ mọ́.

Dáúdà


Peckham
Ọjọ́ kejì, oṣù Igbe, 2025

Dáúdà ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lẹ́yìn ọdún Ìtúnu. Àǹtí Rosaline kà á dé ibi ẹsẹ̀, wọ́n dúró. Mo ní kí wọ́n kà á tán.

N kò ní parọ́ fún ọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé Nathan ni, inú mi kọ́kọ́ dùn kí ó tó bàjẹ́. Adùn ni ó ṣáájú. Àǹtí Rosaline fẹ́ fo ibẹ̀ yẹn, mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú sí mi lórí ohun tí ó jẹ́ òótọ́.

O béèrè ẹni tí èèwọ̀ náà ń dáàbò bò. Kò sí òwe nínú èsì mi. Nígbà tí wọ́n mú mi dé ilé Gbádégẹṣin gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ọkọ mi fà mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní láti òní lọ, ìwọ ni yóò máa kọ́kọ́ wọlé fún àwọn ọkùnrin ilé yìí. Mo ní, “Bí nǹkan burúkú bá wà nínú ilé náà ńkọ́?” Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ìdí tí ìwọ yóò fi kọ́kọ́ wọlé nìyẹn.” Wọ́n sì lọ ro ọkà.

Ó ń dáàbò bo ọkùnrin. Kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni mìíràn. Láti ìgbà náà, gbogbo ilẹ̀kùn tí mo ti ṣí, ní ilé àti níbí, ní Sydenham, ní orí àtẹ̀gùn yìí, ẹ̀rù ń bà mí kí n tó gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin wà lẹ́yìn, ẹ ń kùn pé òjò ń pa yín. Orúkọ tí sájẹ́ǹtì rẹ sọ yẹn, èmi ni ó ń jẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí wá. N kò kàn mọ̀ pé ó ní orúkọ ni.

Ṣùgbọ́n ara mi ni mo máa ń fi síwájú. N kò rán ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo kọ̀wé sí ọ pé kí ẹlòmíràn lọ, ìgbà yẹn ni mo rán ènìyàn. Mo ní ẹlòmíràn, bí ẹni pé ẹlòmíràn kò ní orúkọ. Ó ní orúkọ. Ó jẹ ata mi.

Gbọ́ ohun tí ìwọ yóò ṣe. Bí wọ́n bá fún ọ ní àyè, má wá sí Peckham ná. Lọ sí ọsibítù tí ó wà. Má sọ fún un pé Ọlọ́run ni ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bu omi fún un. Bá a wọ ṣòkòtò. Bí ó bá lé ọ jáde, jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí yóò fi tún pè ọ́. Àǹtí Rosaline ní kí n fi èyí kún un, wọ́n rí i púpọ̀ nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́: ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ yóò máa yún un. Bí ó bá ní kí o họ ọ́, má rẹ́rìn-ín. Họ aṣọ ibùsùn níbi tí ẹsẹ̀ náà ìbá wà.

Fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní kò sí ìyá àgbà tí yóò kọ lẹ́tà sí òun. Èmi yóò máa kọ ọ́. Èmi yóò sọ ọ́ ní Yorùbá, Àǹtí Rosaline yóò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ pé wọn yóò fi ṣúgà sí i, jẹ́ kí wọ́n fi sí i.

Àwọn ará káńsù padà wá lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣí i. Ilé ti gbóná.

Nígbà tí wọ́n bá ti rí ẹsẹ̀ ṣe fún Nathan, mú un wá. Bí lífítì bá ṣiṣẹ́, a ó dúpẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ó gun àtẹ̀gùn bí mo ṣe ń gùn ún, díẹ̀díẹ̀, a ó jọ máa sinmi lọ́nà, orúnkún mi àti tirẹ̀. Bí a bá dé òkè, èmi ni n ó kọ́kọ́ wọlé. Kí Nathan di èjìká mi mú, kí ó tẹ̀ lé mi. Ìwọ ni kí o gbé ẹrù.

Bí gbogbo wa bá ti wọlé tán, ìwọ ni kí o ti ilẹ̀kùn.

Mìsítúrà